Èsì: “Ìgbohùnyàwòrán” kò bá ẹni tó ń ta gìtá mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa fi “ìgbohùnyàwòrán” pe iṣẹ́ ẹni tó ń ta gìtá, tó sì ń fi ẹ̀rọ gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kọ́ ni mò ń bá jà. Iṣẹ́ méjì ló so pọ̀. Ohùn là ń gbà sílẹ̀, fídíò là ń yà. Kò sẹ́ni tó ń ya ohùn.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, fóònù lọ̀pọ̀ wa fi ń ya fídíò. A ó gbé e jìnnà díẹ̀ kó lè rí ọwọ́ méjèèjì. Máìkì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́, bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kó kọjú sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀. Kì í ṣe ihò àárín o! Ihò yẹn ló ń tú ohùn ìsàlẹ̀ jáde gbùù, á sì bo àwọn okùn tín-ín-rín mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ di méjì, fáìlì di méjì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń pàdé. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wa á fi so wọ́n pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Èyí tó tún le jù ni “gbohùngbohùn” tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ ká máa pe máìkì. Ohùn tó ń padà wá láti ara àpáta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóde òní, àwọn kan ń fi pe máìkì, àwọn mìíràn ń fi pe sípíkà. Ẹ wá kọ́ ọmọdé báyìí: “Gbé gbohùngbohùn jìnnà sí gbohùngbohùn, kí o sì fi aṣọ bo ògiri kí gbohùngbohùn má baà wọ inú ohùn tí ò ń gbà.” Ṣé ó máa yé ọmọ náà? Ẹ jẹ́ kí máìkì máa jẹ́ máìkì, kí sípíkà máa jẹ́ sípíkà.

Ìyá wa tó ní “ìró” ló yẹ, kì í ṣe “ohùn”, nítorí gìtá kì í ṣe èèyàn: ẹ má bínú mà, ìyáàlù ńkọ́? Ohùn la ní ó ní, ó sì ń fi í sọ̀rọ̀. Ìró ni ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò Sábó níbí mọ̀ pé ó di òru kí ìyẹn tó sinmi, kí á tó lè gba ohùn sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí oorun fi máa ń wà lójú wa nínú fídíò.

Nítorí náà, “ìgbohùnsílẹ̀” àti “fídíò yíyà” tó mi. Ohun tí kò tíì ní orúkọ ni àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo tí à ń pa níwájú fóònù kí á tó ta okùn àkọ́kọ́, tí á hàn nínú fáìlì méjèèjì, tí a ó sì fi mọ ibi tí a ó ti tò wọ́n dọ́gba. “Àtẹ́wọ́ ìtòdọ́gba” ni mo ní lọ́wọ́, kò sì dùn létí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.