Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì wa: ta ni ká kó o fún?

Ìyá Bọ́lá (Peckham): Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà owó oṣù o. Ọ́fíìsì wa ń pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù, torí Windows 10 ló wà lórí gbogbo wọn, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti October 2025. Èmi ní ká kó wọn ránṣẹ́ sílé, ọ̀gá wa ní àwọn aláìnílé London níbí ni ká fún. Ẹni tí kò ríbi sùn, kí ló fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ṣe?

Bàbá Ìbejì (Manchester): Ríran aláìnílé lọ́wọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún, ẹ jẹ́ n dá sí i. Àwọn tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń sùn lórí àga pálọ̀ ọ̀rẹ́ ló pọ̀, ẹni tó wà ní hostel, ẹni tí lándílọ́ọ̀dù lé. Ara wọn le, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, wà. Inú journal ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn, ni work coach, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn, ti ń sọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọjú. Bí wọn ò bá rí i kà, tí wọn ò sì lọ, ìjọba lè gé owó wọn. Fóọ̀mù iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ló wà. Kọ̀ǹpútà wà ní láíbìrì lóòótọ́, àmọ́ àkókò díẹ̀ ni wọ́n ń fúnni, wọ́n á sì tilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n fóònù ni à ń kọ́kọ́ wá, kó tó kan láptọ́ọ̀pù. Ẹ wo àwọn ará wa. eVisa, ìwé ìgbélùú orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gba ipò BRP, káàdì ìgbélùú àtijọ́. Ọ̀pọ̀ káàdì náà ló kú ní 31 December 2024. Agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, share code ló ń bèèrè, ìyẹn kóòdù tí á fi wo ìwé ẹni náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn ò lè rí i láìwọ àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ UKVI, àwọn tó ń bójú tó físà, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù tàbí íméèlì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù, tí kò rántí password íméèlì rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ìwé rẹ̀ pé, kò sì rọ́nà fi hàn.

Àdùkẹ́ (Leeds): Ẹ̀gbọ́n, fóònù láìsí dátà ńkọ́? Ẹni tí ìwé rẹ̀ sì ní "no recourse to public funds", pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ṣé kò ní kó wàhálà bá a?

Bàbá Ìbejì: Kò ní. Ohun tí àjọ aláàánú bá fún un kì í ṣe public funds. Universal Credit ni kó má fọwọ́ kàn. Ní ti dátà, National Databank wà, Good Things Foundation àti Virgin Media O2 ló gbé e kalẹ̀ ní 2021. SIM tí dátà ti wà lórí rẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tówó rẹ̀ ò tó nǹkan. Kó béèrè ní ibùdó àdúgbò rẹ̀. Àwọn láíbìrì kan náà ní in.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé, sà. Owó oṣù náà ò lè wọlé láìsí àkáǹtì báńkì o. HSBC ní èyí tí wọ́n ń pè ní No Fixed Address, fún ẹni tí kò ní àdírẹ́sì; àjọ tó ń ran aláìnílé lọ́wọ́, bíi Shelter, ló ń bá èèyàn ṣí i.

Múfú (Birmingham): Ẹ má bínú o, wọn á ta láptọ́ọ̀pù náà. Mo ti pẹ́ nílùú yìí.

Bàbá Ìbejì: Àwọn kan á tà á, bọ̀ọ̀dá mi. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù fi ń wà lọ́dọ̀ wa lákọ̀ọ́kọ́. Ìgbà tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì SIA fún iṣẹ́ sikiọ́ríìtì, tàbí tó ń múra ìdánwò CSCS fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, la tó ń jẹ́ kó gbé e lọ.

Ìyá Bọ́lá: Ó ti yé mi, Bàbá Ìbejì. Kí la máa ṣe sí wọn ká tó kó wọn wá?

Bàbá Ìbejì: Ẹ má kàn delete fáìlì. Ẹ jẹ́ kí àwọn IT yín nu gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì, kí wọ́n sì yọ láptọ́ọ̀pù náà kúrò lábẹ́ àkóso ilé iṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ password ọ́fíìsì yín ló máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá fún. Bí iPhone bá wà níbẹ̀, kí ẹni tó ni ín jáde nínú iCloud, kó pa Find My tí wọ́n fi ń wá fóònù tó sọnù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á wà ní títì. Àpótí kan wà lọ́dọ̀ mi tó kún fún iPhone tó dáa tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí. Windows 10 kì í ṣe ìṣòro: ChromeOS Flex tàbí Linux, tó lè rọ́pò Windows, là ń gbé sórí èyí tí Windows 11 ò bá gbà. Ṣájà ńkọ́?

Ìyá Bọ́lá: Díẹ̀ ni mo rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó ìyókù lọ sílé.

Bàbá Ìbejì: Ẹ fi íméèlì ránṣẹ́ sí wọn lónìí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Èyí tí ẹ ò bá rí ṣájà rẹ̀, ẹ kọ módẹ́lì rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ká lè mọ èyí tá a máa rà.