Fáànù inú bọ́ọ̀sì tí a ń sùn sí

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o! Kàbà ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wá. A tẹ́ ibùsùn sínú bọ́ọ̀sì wa, òun la fi ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ wò ní Mọ̀pà àti Ìsánlú. Inú ọgbà wọn la ń sùn, a kì í sun ojú títì.

Ooru ni wàhálà. A fi bátìrì ọkọ̀ lo fáànù, ó kú pátápátá ní Ìsánlú, àwọn ọ̀dọ́ ló tì wá kí ọkọ̀ tó jí (bàbá ò fẹ́ kí n sọ ọ́). Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí onílé sùn.

Irú bátìrì kejì wo, pẹ̀lú sólà lórí ọkọ̀, ló lè gbé fáànù wọ́ọ̀tì 20 di àárọ̀?

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.