"Jẹjẹrẹ ibo ni?": ìrírí àwa tí wọn kò rí orísun àrùn náà

Ọmọbìnrin kan, Ìbàdàn

Ní ọdún 2019, níbi tí màmá mi ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti kan kókó kan ní abíyá òsì. Kò dùn wọ́n, kò sì tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ń fi òrí pa á fún nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó fi tó wa létí. Nígbà tí èsì ẹran tí wọ́n gé níbẹ̀ jáde, dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n abíyá kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀; ibòmíràn ló ti ṣí wá. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọmú méjèèjì wò, wọ́n ya àwòrán àyà àti ikùn, wọn kò rí ohun kan.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tó wá kí wọn ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà: "Jẹjẹrẹ ibo ni?" Ti ọmú, ti ọrùn ilé-ọmọ, ti próstéètì, gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ ìwọ̀nyí rí. Bí mo bá ní a kò tíì mọ̀, wọn a wò mí bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àrùn tí kò bá ti ní orísun, àfiṣe ni, kí n má fi owó ṣòfò ní ilé ìwòsàn mọ́. N kò bá wọn jiyàn. Èmi alára kò mọ̀ nígbà náà pé irú àrùn yìí ní orúkọ tirẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn, àti pé jẹjẹrẹ tó bá kúrò níbi tó ti hù kì í di ti ibi tó lọ: èyí tó ti ọmú dé inú ẹ̀dọ̀, jẹjẹrẹ ọmú ló ṣì jẹ́, oògùn ti ọmú náà ni yóò sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá orísun lójú méjèèjì.

Ẹni tó là mí lóye ni bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní Èkó. Ilé ìwòsàn wa kò ní ohun èlò fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní immunohistochemistry, èyí tí wọ́n fi ń wá ibi tí jẹjẹrẹ ti ṣí wá, nítorí náà wọ́n gbé ẹran tí wọ́n gé náà lé mi lọ́wọ́ nínú ìda dídì, lórí ike pẹlẹbẹ kékeré kan tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé oòrùn yóò yọ́ ìda náà lójú ọ̀nà, mo bá gbé e sínú fúláàsì oúnjẹ pẹ̀lú yìnyín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣí i. Wọ́n ní oòrùn lásán kò lè yọ́ ọ, kí n ṣáà má gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Wọ́n wá ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá pàdé bàbá arúgbó kan ní Sókótó, tí àbàjà wà lójú rẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tó ti wá. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tí a fi kọ́ ara, náà ní ilà tirẹ̀, àmọ́ a kò lè rí i àfi bí a bá fi aró pàtàkì kùn ún. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn a ti bàjẹ́ débi pé ilà rẹ̀ ti parẹ́.

Ti màmá mi kò tíì parẹ́. Sẹ́ẹ̀lì wọn ní ohun tó ń gba họ́mónù obìnrin mọ́ra, àwọn àmì yòókù sì ń tọ́ka sí ọmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di òní, ẹnikẹ́ni kò rí kókó kankan nínú ọmú wọn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ní abíyá fún wọn, wọ́n gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń lo oògùn oníhóró kan lójoojúmọ́. Ẹni tó bá bi mí ní jẹjẹrẹ ibo, ọmú ni mo ń dá a lóhùn báyìí, mo sì máa ń rí i bí ara ṣe ń tù ú.

Ọmọkùnrin kan, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ àti eegun ẹ̀yìn ni wọ́n ti bá tiwọn, ilà sẹ́ẹ̀lì náà sì ti parẹ́ pátápátá. Láti ọdún 2010 ni ìlànà NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn níhìn-ín, ti ní kí àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní ikọ̀ kan fún irú aláìsàn báyìí, kí ẹ̀ka kan má baà máa tì wọ́n sí ẹ̀ka kejì. Lẹ́tà mẹ́ta, CUP (cancer of unknown primary, ìyẹn jẹjẹrẹ tí a kò mọ orísun rẹ̀), ni wọ́n fi ń pe àrùn náà, màmá mi sì rò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pé ife ni nọ́ọ̀sì ń sọ.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní CT scan, àti kámẹ́rà tí wọ́n fi wo inú ìfun, dókítà ní àwọn yóò dá ìwákiri dúró. Inú bí mi gan-an. Mo ní torí pé àgbàlagbà ni wọ́n ni, torí pé aláwọ̀ dúdú ni wá. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó wá bi mí pé bí àyẹ̀wò mìíràn bá fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ni tàbí ìfun, ǹjẹ́ bàbá ní agbára láti gba oògùn tó le ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ? Bàbá ló dáhùn fún mi: "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ jẹ ẹ̀bà mi nílé." Oṣù márùn-ún ni wọ́n tún lò. Mo ti gbà pé dókítà jàre, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé "a kò mọ orísun rẹ̀" ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí ikú bàbá mi.

Nọ́ọ̀sì kan, Abẹ́òkúta

Orísun náà lè kéré débi pé ẹ̀rọ kò ní rí i, ó sì lè jẹ́ pé ara ti pa á run lẹ́yìn tó ti fọ́n ká. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti gé e sọnù tipẹ́, ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Bàbá àgbẹ̀ kan gbé kókó ńlá wá bá wa níbi tí itan wọn ti so mọ́ ikùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la bi wọ́n bóyá wọ́n ti gé ohunkóhun kúrò lára wọn rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní rárá. Nígbà tí mo ń bá wọn bọ́ sálúbàtà kí wọ́n lè gun ibùsùn, mo rí àpá kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tí àwọ̀ dúdú kirikiri yí ká, níbi tí jẹjẹrẹ awọ tí a ń pè ní melanoma ti sábà máa ń hù lára àwa aláwọ̀ dúdú. Mo bi wọ́n pé kí nìyí.

"Èyí náà? Mo ti fi abẹ yọ ọ́ láti bí ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gún ni mo pè é."