Ewúro mi ń gba máàkì ju oògùn gidi lọ, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ àkànṣe másítà mi ti fẹ́ dà mí lórí rú. Mpro fáírọ́ọ̀sì kòrónà ni mo ń bá jà, pùrótíìnì tó fi ń gé pùrótíìnì gígùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó lè bí sí i. Mò ń fi AutoDock Vina (ètò kọ̀ǹpútà tó ń díwọ̀n bí èròjà ṣe lè lẹ̀ mọ́ pùrótíìnì) wò ó bóyá èròjà inú ewúro lè dí ojú ibi tó fi ń gé e. Fáìlì 6LU7, tó ní àwòrán Mpro pẹ̀lú N3, èròjà kan tó ń dí i, ni mo lò.

Luteolin, èròjà inú ewúro, gba -7.6 kcal/mol, nirmatrelvir, oògùn kòrónà tí wọ́n ń fún aláìsàn, gba -7.3 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe lọ sílẹ̀ sí i ni ó ṣe dára tó). Inú mi dùn débi pé mo pe màmá mi (ewúro fífọ̀ ni wọ́n ń tà). Ọ̀gá mi kàn ní kí n yọ N3 tó wà nínú fáìlì náà, kí n sì fi Vina dá a padà sáyè rẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá ọ̀nà tí mo lò ṣeé gbára lé. Ó jìnnà sáyè ọ̀hún ju 5 Å (ìwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan bí átọ́ọ̀mù) lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó sún mọ́ ọn gan-an! Ojú tì mí.

Mo mọ̀ pé N3 àti nirmatrelvir máa ń fi ìsopọ̀ kẹ́míkà (covalent) so mọ́ Cys145, ibi tí Mpro fi ń gé nǹkan, Vina ò sì mọ irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ í kà. Ṣé kí n wá fáìlì tí ensitrelvir, oògùn kòrónà mìíràn, wà nínú rẹ̀, nítorí òun kì í so bẹ́ẹ̀? Àbí kí n kọ́ covalent docking, èyí tó ń ka irú ìsopọ̀ yẹn? Oṣù méjì ló kù, kọ̀ǹpútà àgbéká mi ò sì ju 8GB lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹyọ Mpro kan ni mo lò, bẹ́ẹ̀ méjì-méjì ni Mpro ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó pọn dandan kí n so wọ́n pọ̀?