Íntánẹ́ẹ̀tì 4G kò jẹ́ kí ará ìta rí sáfà ilé mi

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo gbé Nextcloud (ètò ìkó-fáìlì-pamọ́ tí èèyàn lè gbé sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀) sórí Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré tó jẹ́ sáfà mi, nílé n'Ìbàdàn, kí ẹbí lè máa kó fọ́tò síbẹ̀. Ti iná kọ́ ni wàhálà, ínfátà kékeré ń gbé e. Íntánẹ́ẹ̀tì 4G ni. 100.64 ni àdírẹ́sì tí ráútà mi gbà fi bẹ̀rẹ̀: èmi àti àwọn oníbàárà mìíràn la jọ ń pín àdírẹ́sì ìta kan lò, nítorí náà port forwarding (kí ráútà darí ẹni tó ti ìta wá sí sáfà) já sí asán. Tailscale (áàpù tó ń so àwọn ẹ̀rọ ẹni pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀) ṣiṣẹ́, àmọ́ màmá wa kò ní gbà láti máa tan áàpù mìíràn kí wọ́n tó wo fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn. Cloudflare Tunnel ọ̀fẹ́ (tó ń gba ọ̀dọ̀ Cloudflare mú ará ìta dé sáfà ilé) kì í gba ohun tó ju 100 MB lọ lẹ́ẹ̀kan, fídíò ìgbéyàwó nìkan ti jù bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí n kúkú háyà VPS kékeré (sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àdírẹ́sì ìta tirẹ̀), kí n fi WireGuard (ètò VPN) so ó mọ́ ilé, àbí ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní máa gba dọ́là lóṣooṣù?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú o.