Sẹ́ńsọ̀ orí táǹkì dísù tó ń dákẹ́ lóru ní Èbúté Mẹ́ta

Láti Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fi ìgbì rédíò jíṣẹ́, ni mo fi sí ilé bàbá wa ní Èbúté Mẹ́ta, kí n lè máa mọ iye omi àti dísù tó ṣẹ́ kù. Ó di òru Sátidé mẹ́ta báyìí tí ti orí táǹkì dísù ń dákẹ́ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tó bá sì máa fọhùn padà, dísù ti fà. Àbúrò mi ní ẹnì kan ló ń fi ẹ̀rọ dí ìgbì rédíò lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Láti Birmingham:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gba àbúrò yín gbọ́, nítorí bátìrì tó kú náà a máa dákẹ́. Nǹkan méjì ni kí ẹ fi wéra: iye iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ rán tó délé, àti agbára ìgbì tí ẹ̀rọ olùgbà ń gbọ́. Bí ìgbì bá ń dún kíkankíkan, síbẹ̀ tí iṣẹ́ kò délé, ariwo ẹlòmíràn ló bo ohùn sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbì àti iṣẹ́ bá jọ wálẹ̀, ẹ wo bátìrì, tàbí ohun tó dínà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Wenyuan Xu, Wade Trappe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé ìlànà yìí jáde ní 2005, òun ni mo ṣì kọ́kọ́ máa ń dì mú. Bí ó bá jẹ́ ìgbì 2.4 GHz, tí Wi-Fi náà máa ń lò, ni tiyín ń lò, Wi-Fi aládùúgbò náà lè pariwo lé e lórí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ògiri ti fara kan ògiri, ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dí ìgbì kì í sábà dí ti ẹyọ kan. Àwọn mẹ́jọ yòókù ńkọ́?

Láti Hamburg:
Bí àwọn sẹ́ńsọ̀ náà bá ń bá ara wọn jíṣẹ́, ẹ tún wò ó bóyá gbogbo wọn ti ṣàdédé ń gba ọwọ́ ẹyọ kan kọjá. Ẹ̀rọ àjèjì lè parọ́ pé òun ló sún mọ́ ilé jù, kó sì máa da èyí tó bá wù ú nù lọ́nà. Nọ́ńbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé yóò tú u fó: bó bá fo, iṣẹ́ ti sọ nù; bó bá padà sẹ́yìn, tí kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tan, ẹnì kan ń rán iṣẹ́ àná lẹ́ẹ̀kejì. Bí Zigbee, ìlànà tí ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, bá sì ni, gbogbo ayé ló mọ kọ́kọ́rọ́ àtilẹ̀wá rẹ̀, ZigBeeAlliance09, nítorí náà ẹ má fi ẹnu ọ̀nà ìgbàwọlé ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Láti Houston:
Mo dúpẹ́ o. Àwọn mẹ́jọ yòókù ń jíṣẹ́ wọn dáadáa, kò sì sí àjèjì láàárín wọn. Nọ́ńbà ti orí táǹkì fo, kò padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ méjì tó kẹ́yìn ni mo wá tẹjú mọ́: ìgbì ti já láti -64 dBm sí -93 (dBm ni òdiwọ̀n agbára ìgbì; bó bá ṣe ń jìnnà sísàlẹ̀ òdo ni ìgbì ṣe ń rẹlẹ̀). Mo bẹ Àǹtí wa tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lóru Sátidé tó kọjá. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ rèé: garawa ọ̀dà onípáànù ni ẹnì kan dojú rẹ̀ dé sẹ́ńsọ̀ náà, rọ́bà tó fi ń fa dísù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń kán. Mo ti ṣètò rẹ̀ báyìí pé bí ìgbì bá ti já tó dB 15 lójijì, kí fóònù Àǹtí dún, láìdúró de ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ bá dákẹ́.