Kọ̀ǹpútà géèmù tí kò ní jí ọmọ lóru

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù pọ̀ fúnra mi. Yàrá kan náà ni èmi àti ọmọ mi kékeré ń sùn, alẹ́ nìkan ni mo sì ń ráyè. Ryzen 5 7600 (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti RTX 4060 (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) ni mo fọkàn sí. Ṣé kí n ra kúlà olómi, èyí tó ń fi omi gbé ooru kúrò lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà: Àbúrò, fi olómi sílẹ̀. Pọ́ǹpù rẹ̀ ń kùn, fáànù sì tún wà lára rẹ̀. Wáàtì 65 ni wọ́n kọ fún 7600, ooru rẹ̀ kò pọ̀. Kúlà afẹ́fẹ́ Thermalright Peerless Assassin 120 SE á tó ọ: fáànù méjì, páìpù mẹ́fà tó ń gbé ooru kúrò. Ó ga tó mìlímítà 155, nítorí náà wọn inú kéèsì rẹ, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, kí o tó sanwó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: wọ inú BIOS (ojú ìṣètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀), kí o ṣètò fáànù kó má máa tètè fò sókè bí ooru bá ga fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ariwo tó ń lọ sókè-sódò ló ń jí ọmọ. Èyí tó dúró sójú kan kì í yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì: Dín férémù (iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kù sí 60 pẹ̀lú. Káàdì á sinmi, fáànù rẹ̀ náà á rọlẹ̀. Kéèsì oníhò ni kí o lò, èyí tó ní àsẹ́ eruku, torí ọyẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Kéèsì mi gba kúlà tó ga tó mìlímítà 160, mà á lọ ra Thermalright náà lọ́jọ́ Sátidé.